Ẹ̀kọ́ Sinimá àti Iṣẹ́ Ìròyìn ní Yunifásítì: Ibi Tó Ti Bẹ̀rẹ̀ àti Bó Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jẹ yọ nígbàkígbà tí àwa àgbà ẹgbẹ́ bá jókòó lórí owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé-ìwé wa. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé Medicine lòun fẹ́ kà, gbogbo orí á máa mì. Bó bá kọ Law tàbí Engineering, bákan náà ni. Bó bá kọ Mass Communication, wọ́n á ní kò burú, ó lè di ẹni tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ kọ Film Studies pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rín ló máa sọ. “Ṣé kí ọmọ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì nítorí àtiṣe tíátà ni?” Bàbá mìíràn á ní òun ò ní san kọ́bọ̀ lórí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ: ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n fi dù, àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá parí, kí kálukú dá a rò.

ILÉ-ÌWÉ TÍ KÒ RÍ FÍÌMÙ LÒ

Ní oṣù September ọdún 1919, ìjọba Rọ́ṣíà dá ilé-ìwé sinimá kan sílẹ̀ ní Moscow. Òun ló pẹ́ jù ní gbogbo ayé, ó sì wà títí di òní. VGIK ni wọ́n ń pè é. Àsìkò náà kò rọgbọ. Ogun abẹ́lé ń jà, ebi ń pa ìlú, fíìmù tí wọ́n máa kì sínú kámẹ́rà ò sì sí lọ́jà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́ sinimá láìsí fíìmù? Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, Lev Kuleshov, ọmọ ogún ọdún péré, wá ọgbọ́n dá sí i. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ń ṣe eré bí ẹni pé kámẹ́rà wà níwájú wọn, wọ́n ń pín eré náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń ya fíìmù gan-an. Wọ́n tún ń mú fíìmù àtijọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un tò lọ́nà mìíràn, kí wọ́n lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Níbẹ̀ ni Kuleshov ti ṣe ìdánwò kan tí àwọn ilé-ìwé sinimá ṣì fi ń kọ́ni títí dòní. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan. Ojú náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó so ó mọ́ àwòrán abọ́ ọbẹ̀. Ó tún so ojú kan náà mọ́ àwòrán òkú nínú pósí, ó sì tún so ó mọ́ àwòrán obìnrin. Àwọn tó wò ó ní òṣèré yìí mà mọ eré ṣe o: ẹ wo bí ebi ṣe ń pa á, ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe ń tàn lójú rẹ̀! Bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni o, kò yí padà rárá. Ibi tí wọ́n ti so àwòrán kan mọ́ èkejì ni ìtumọ̀ ti jáde wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni òpó ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí òǹwòran yóò rò. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn mọ èyí ni sinimá ti kúrò ní iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, tó di ohun tí èèyàn lè jókòó ti láti kọ́, bí a ṣe ń kọ́ gírámà èdè.

BÓ ṢE WỌ YUNIFÁSÍTÌ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀kọ́ yìí gbà wọlé. Ní 1915, ṣáájú ti Moscow pàápàá, Yunifásítì Columbia ní New York gbà kí Victor Freeburg máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn fún fíìmù. Ìwé kíkọ nìkan nìyẹn, kò sí pé wọ́n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ní 1929, USC ní Los Angeles, níbi tí Hollywood wà, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fíìmù tó ń fún èèyàn ní Oscar, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí sinimá. Douglas Fairbanks, gbajúmọ̀ òṣèré tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà, ló sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. UCLA, yunifásítì kejì ní ìlú kan náà, dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947.

Síbẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, àwọn ọ̀gá Hollywood ò ka dígírì sí nǹkan kan. Ọmọ-iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀: kí ọmọ wá, kó máa fa wáyà, kó máa ra tíì fún ọ̀gá, títí wọn á fi rí i. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni nǹkan yí padà. George Lucas jáde ní USC, Francis Ford Coppola jáde ní UCLA, àwọn ọmọ yunifásítì sì gba ọjà mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ní UCLA yìí kan náà ni Charles Burnett, ọmọ adúláwọ̀, ti ṣe Killer of Sheep, tó parí ní 1977. Iṣẹ́ àṣejáde ni o, bí a ṣe ń kọ project kí wọ́n tó fún wa ní dígírì. Owó táṣẹ́rẹ́ ló fi ṣe é, lópin ọ̀sẹ̀. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà fi í sára àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ tọ́jú títí láé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, “Steven Spielberg ńkọ́?” Òótọ́ ni, USC ò gbà á nígbà tó fẹ́ wọlé, ó sì fi yunifásítì tó wà sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn náà fún yín. Ní 2002, lẹ́yìn tí owó ti dé, tí òkìkí ti kàn yí ayé ká, ó padà lọ parí dígírì rẹ̀ ní California State University, Long Beach. Kò nílò rẹ̀ mọ́ kó tó lè jẹun. Kí ló wá rí níbẹ̀ tó fi lọ gbà á?

Ẹ̀ka kejì tún wà tí kì í ṣe ti fíìmù yíyà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ mọ bí rédíò, ìwé ìròyìn àti fíìmù ṣe ń yí ọkàn èèyàn padà. Wilbur Schramm, tó bá ìjọba ṣiṣẹ́ nígbà ogun náà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ yunifásítì, ní Iowa àti ní Illinois. Ibẹ̀ ni Mass Communication tí gbogbo wa mọ̀ ti ta gbòǹgbò. Àwọn olùkọ́ tó ń ka fíìmù bí a ṣe ń ka ìwé Literature náà kó ara wọn jọ ní 1959, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 2002, wọ́n fi “Media” kún orúkọ ẹgbẹ́ wọn, torí pé tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti kọ̀ǹpútà ti wọlé tọ sinimá, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yà wọ́n mọ́. Bí Cinema àti Media ṣe di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ òrùlé kan náà nìyẹn.

ÀWỌN TÍ WỌ́N FI DÙ

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Nígbà tí àwọn ará Moscow ń kọ́ ọmọ wọn ní ọgbọ́n àlùmọ́gàjí, kí ni òyìnbó amúnisìn ń rò nípa tiwa?

William Sellers, òyìnbó oníṣẹ́ ìlera kan tó wà ní Nàìjíríà, ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará Èkó nípa eku àti àjàkálẹ̀ àrùn láti àwọn ọdún 1920. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí Sellers di aṣáájú níbẹ̀, ó gbé ìlànà kan kalẹ̀. Ó ní ojú ọmọ Áfíríkà ò lè tètè mọ ohun tó wà nínú àwòrán tó bá ń yí kíákíá. Nítorí náà, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ́ lójú, kí kámẹ́rà má ṣe máa rìn, kí wọ́n má gé e ségesège, kí ìtàn lọ tààrà bí okùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí mọ́tò sinimá ìjọba, ẹ ó rántí bí àwọn fíìmù kan ṣe máa ń falẹ̀ bí ìgbín.

Ẹ fi ìyẹn wé ti Kuleshov. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní ìtumọ̀ wà níbi tí àwòrán méjì ti pàdé. Níhìn-ín, wọ́n ní ẹ má jẹ́ kí àwòrán méjì pàdé níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí, kò lè yé wọn. Àwa tí eégún alárè ń di ère lójú wa, tó ń di ọ̀nì, tó ń di òyìnbó pẹ̀lú imú gígùn, lójú agbo kan náà, tí ọmọ ọdún márùn-ún ò sì béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀! Àwa tí ìjàpá ń ti inú àlọ́ wa lọ sí ọ̀run, tó sì ń dé kí iná tó kú!

Ní 1948, Colonial Film Unit yìí náà ṣí ilé-ìwé kékeré kan sí Accra. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n mú: mẹ́ta láti Gold Coast, mẹ́ta láti Nàìjíríà. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi kọ́ wọn. Síbẹ̀, irúgbìn ni. Ọ̀kan nínú wọn, Sam Aryeetey, ló wá darí No Tears for Ananse ní 1968, tó mú ìtàn Ananse aláǹtakùn, tó jẹ́ ìjàpá tiwọn ní Gánà, wá sínú fíìmù.

Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, òfin ni wọ́n fi dè é. Òfin tí Pierre Laval fọwọ́ sí ní 1934 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ kan tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ní 1925. Paulin Soumanou Vieyra lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní IDHEC, ilé-ìwé gíga fún sinimá ní Paris. Nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù nílẹ̀ wọn, wọn ò rí ìyọ̀ǹda gbà. Ni wọ́n bá yí kámẹ́rà sí Paris fúnra rẹ̀, wọ́n ya bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń gbé láàrin àwọn òyìnbó. Afrique-sur-Seine nìyẹn, 1955. Vieyra ò fi mọ síbẹ̀. Ní 1975 ó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìtàn sinimá Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1973. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, orí rẹ̀ sì mọ ìwé. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí wà fún gan-an nìyẹn.

Ousmane Sembène ti Sẹ̀nẹ̀gàlì ńkọ́? Aláàárù ní etíkun Marseille ni tẹ́lẹ̀, ó wá di òǹkọ̀wé. Nígbà tó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ò lè ka ìwé tí òun ń kọ, ó múra, ó ti ń súnmọ́ ọmọ ogójì ọdún, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow, ìlú Kuleshov. Ní 1963, Borom Sarret jáde. Àgbà tó padà di akẹ́kọ̀ọ́ ló di bàbá sinimá Áfíríkà.

NÍLÉ TIWA

Nàìjíríà ní tẹlifíṣọ̀n ní 31 October 1959, nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Yunifásítì wa pẹ̀lú ò sùn. Nsukka bẹ̀rẹ̀ Jackson College of Journalism ní 1961. Ìbàdàn dá School of Drama sílẹ̀ ní 1962, tó di Theatre Arts ní 1970. Yunifásítì Èkó dá Institute of Mass Communication sílẹ̀ ní 1966. Ìwé ìròyìn ní yàrá, eré orí ìtàgé ní yàrá. Fíìmù nìkan ló ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ dáadáa, àfi kó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Àwọn kan wọ̀ ọ́. Ọlá Balógun, tí wọ́n bí ní Aba ní 1945, lọ sí IDHEC, ilé-ìwé Vieyra. Nígbà tó dé, ó ṣe Amadi lédè Ìgbò ní 1975. Ní 1976 ló ṣe Àjàní Ògún, fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, tí Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Love wà nínú rẹ̀. Ní 1979, òun àti Hubert Ògúndé jọ ṣe Aiyé. Ẹ kíyè sí bí ìdàpọ̀ yẹn ṣe rí. Ògúndé ò lọ ilé-ìwé sinimá kankan. Ẹgbẹ́ eré tó ti ń kó rìn láti 1945 ni yunifásítì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣèré ló sì gboyè níbẹ̀. Balógun mọ kámẹ́rà, Ògúndé mọ ọkàn òǹwòran. Ọ̀kan ò lè dá a ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ilé-ìwé ti lé iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kúrò nílẹ̀, irọ́ ló ń pa. Àwọn méjèèjì ló bí ohun tí a rí.

Túndé Kèlání náà kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV kó tó lọ sí ilé-ìwé fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé, ó ń ya fíìmù fún àwọn ọ̀gá onítíátà, kó tó wá ṣe tirẹ̀: Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, Ṣaworoidẹ ní 1999. Ẹni tó bá wo Ṣaworoidẹ yóò mọ̀ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ṣe é. Ìtàn adé, ìlù àti ọba tó jalè: a gé e, a tò ó, ó sì yé wa yékéyéké. Sellers ì bá wá wò ó!

ỌWỌ́ TÓ Ń TỌ́JÚ

Ní 1976 kan náà, wọ́n ṣí INAFEC ní Ouagadougou, ilé-ìwé sinimá fún àwọn ọmọ Áfíríkà lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Idrissa Ouedraogo, tí fíìmù rẹ̀ Tilaï gba Grand Prix ní Cannes ní 1990, wà lára àwọn tó kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1987 wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Kò sí owó. Tiwa, National Film Institute ní Jos, bẹ̀rẹ̀ ní 1995.

Jos yìí ni ìtàn kan ti wá tó yẹ kó dun gbogbo wa. Ní 1976, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar lédè Haúsá, látinú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Fíìmù náà sọnù fún ọdún gbọọrọ, àwọn èèyàn rò pé ó ti ṣègbé. Ní 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé àkójọ fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di 2018, wọ́n fi í han ayé ní Berlin. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Jos àti yunifásítì kan ní Frankfurt, Jámánì, jọ gbé ẹ̀kọ́ oyè kejì kalẹ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú fíìmù.

Fíìmù kì í ṣe òkúta. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá mú un, ó máa ń rùn bí ọtí kíkan, yóò máa sún kì, yóò sì fọ́ nígbẹ̀yìn. Fíìmù Yorùbá ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, ìgbà tí a ń tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti wò wọ́n, ta ló ń wo inú páànù wọn lónìí? Dókítà kọ́ ni yóò ṣe é, kì í sì í ṣe lọ́yà. Ẹni tó ka ẹ̀kọ́ tí à ń fi rẹ́rìn-ín yìí ni.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Ẹ rántí Adé Love tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ojú agbo ló ti kọ́ iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó tún wá lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní New York Film Academy ní 2005. Ìràpadà jáde ní 2006, The Figurine ní 2009. Ọmọ tí wọ́n bí sínú iṣẹ́ náà gan-an rí i pé ó yẹ kí òun lọ jókòó ní kíláàsì.

Ìjọba pàápàá ti rí i. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde fún àwọn yunifásítì ní 2022, Film and Multimedia dúró gedegbe bí ẹ̀kọ́ dígírì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Broadcasting, Advertising àti Public Relations. Ó ti kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ti ní yàrá.

Mi ò ní kí a máa fún gbogbo ọmọ tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ lówó o. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ibi tí ọmọ fẹ́ lọ, ṣé kámẹ́rà àti ohun èlò wà níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn, àbí ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń dà kọ? Èkejì, ṣé ọmọ náà ń kàwé, ṣé ó sì gbọ́ èdè rẹ̀? Ẹni tí kò ní ìtàn, kí ni yóò yà? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lásìkò ìsinmi? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ọmọ náà yẹ lẹ́ni tí à ń gbà láyè bíi ti dókítà.

Ẹ ò sì ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí ìdí rẹ̀. Nínú WhatsApp ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni fídíò ayédèrú ti wọlé, tí àwa àgbà ń fi ránṣẹ́ káàkiri pé “Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀”? Ojú ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, a so wọ́n pọ̀, ó di òótọ́. Ìdánwò Kuleshov ni, ẹ̀yin èèyàn mi, àwa la sì wà lórí ìjókòó òǹwòran. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé báyìí. Bí a bá ní ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ti gé e, ṣé àwa la máa dí i lọ́nà?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó, tí fọ́ọ̀mù ọmọ kan bá sì kà pé Film Studies, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹ̀rín kúrò, kí ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn.